Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà méjì kí agogo tó lù: ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní kíláàsì mi?

Tíṣà Òkè-Baálẹ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí táàmù yìí ti wọlé, mo ní kí n gbé e wá síbí. Alákàrà wà láàárín wa, nọ́ọ̀sì wà, òbí wà, àwọn tí ẹnu wọn kì í sinmi náà wà (ẹ mọ ara yín).

Tíṣà ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbí l'Óṣogbo, apá Òkè-Baálẹ̀. Kíláàsì kẹta ni mò ń kọ́. Ọmọ mọ́kànlélógójì ló wà nínú réjísítà mi. Ìṣirò la fi ń ṣíde lójoojúmọ́, ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, nítorí nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé àárọ̀ ni ọpọlọ ọmọdé máa ń jí pépé. Ọpọlọ tó jí pépé yẹn, mo ti ń wá a láti ọdún kẹjọ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Ohun tí mò ń rí nìyí. Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù, ọmọ kan á ti gbé orí lé tábìlì. Òmíràn á máa jẹ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ẹni ń jẹ ìrèké. Lọ́jọ́ Ajé kan, mo bi ọmọbìnrin kan léèrè pé kí ni méje lọ́nà mẹ́jọ. Ó wò mí títí, omi lé sí i lójú, ó sì jókòó. Mo fi í sílẹ̀. Nígbà tó di aago méjìlá, tí wọ́n jẹun tán, mo ń kọjá lọ nídìí ẹ̀rọ omi, ni mo bá gbọ́ tí ẹnì kan pariwo lẹ́yìn mi: "Àǹtí! Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni!" Ọmọ náà ni, abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń fọ̀. Ẹnikẹ́ni ò tún bi í léèrè o.

Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mò ń bá ìjọba jà. Oúnjẹ ọ̀sán wà. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nílùú yìí mọ̀ pé bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ fífún ọmọ ilé-ìwé lóúnjẹ ní Nàìjíríà, wọn ò lè ṣe kí wọ́n má dárúkọ Ọ̀ṣun. Láti 2006 ni a ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ní 2012, Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gómìnà wa ìgbà náà, tún un ṣe, ó sọ ọ́ ní O'MEALS. Ìgbà tó di 2016 ni ìjọba àpapọ̀ gbé tiwọn jáde, ₦70 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹta. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ni ọ̀sán ń jẹ́. Ìgbà tí àwọn ìyá olóúnjẹ bá fi máa gbé kúlà wọn wọlé, aago mọ́kànlá ti ń lọ. Ìṣirò ti lọ, kíkàwé ti lọ. Ohun tó kù fún wa ni orin, iṣẹ́ ọnà àti ìtàn ìjàpá. Àwọn nǹkan tí ọmọ lè ṣe pẹ̀lú ebi la fi ọpọlọ tó yó ṣe!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo dán nǹkan kan wò. Mi ò bi wọ́n pé ta ni kò jẹun, nítorí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kò ní nawọ́ sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un kó má tú àṣírí ilé. Ìwé funfun ni mo pín fún wọn, mo ní kí kálukú ya àwòrán ohun tó jẹ láàárọ̀. Ọjọ́rú ni, gbogbo wọn ló wá. Ọmọ mẹ́tàdínlógún ya oúnjẹ tí mo lè pè ní oúnjẹ: búrẹ́dì, ẹ̀wà, ìrẹsì àná, ẹ̀kọ. Mẹ́wàá ya bísíkíìtì tàbí gàrí inú kọ́ọ̀pù. Méjìlá dá ìwé mi padà bí mo ṣe fún wọn. Ọ̀kan ya kọ́ọ̀pù omi. Ẹni tó kù ya ìrẹsì pẹ̀lú itan adìyẹ gbẹ̀ǹgbẹ̀, ó tún fi iná pupa yí i ká. Ọmọ yẹn gan-an, mo mọ ilé wọn. Kò jẹ nǹkan kan.

Ẹ má rò pé àwọn òbí wọn ò bìkítà. Ìyá ọ̀kan ń ta ata ní Ọjà Ọba. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti lọ pàdé ọkọ̀ elẹ́rù. Bàbá òmíràn ń gun ọ̀kadà ọlọ́kadà, owó olówó ló kọ́kọ́ ń wá láràárọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fún ọmọ ní ₦100: "Fi ra nǹkan jẹ lọ́nà." Bísíkíìtì àti omi aláwọ̀ inú ọ̀rá ni owó yẹn ń bá lọ.

Nǹkan kan tún wà tí mo ṣàkíyèsí nígbà ààwẹ̀, ó pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ tó ń jí jẹ sààrì pẹ̀lú àwọn àgbà ilé wọn (wọn kì í gbààwẹ̀ o, ariwo sààrì lásán ni wọ́n ń bá wọn jí sí), àwọn gan-an ló ń kọ́kọ́ nawọ́ nínú ìṣirò lóṣù yẹn. Tó bá di aago mọ́kànlá wọ́n á sùn lọ fọnfọn. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Èrò mi ni pé kí n máa fún wọn ní kọ́ọ̀pù ẹ̀kọ gbígbóná kan àti àkàrà méjì, láàárín aago méje ààbọ̀ àti aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí agogo àsẹ́ḿbìlì tó lù. H.M. wa, ọ̀gá ilé-ìwé, ní òun ò ní dí mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ ò ní jáde lápò òun. PTA, ẹgbẹ́ òbí àti tíṣà, ní àwọn á ràn mí lọ́wọ́ bí mo bá fi yé àwọn pé ó wúlò. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Alékúwodò ti ṣèlérí àpò àgbàdo kan.

Ẹ wá sọ fún mi. Ṣé oúnjẹ àárọ̀ á ṣe ohun tí oúnjẹ ọ̀sán ò ṣe, àbí ojú mi ló ń tàn mí jẹ? Ṣé kí n fún gbogbo mọ́kànlélógójì ni, àbí àwọn mẹ́rìnlá tí kò rí nǹkan jẹ rárá? Àwọn tó bá pẹ́ dé ńkọ́?

Alákàrà Ọjà Ọba

Àǹtí Tíṣà, ẹ kú ọmọ ọlọ́mọ o. Olúwa á bá wa wo tiwa náà.

Èmi wà lára àwọn ìyá olóúnjẹ nígbà O'MEALS, a ju 3,000 lọ káàkiri ìpínlẹ̀ yìí. ₦50 ni lórí ọmọ kan nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín, owó yẹn ra nǹkan nígbà náà. Ọjọ́ tó bá jẹ́ ọjọ́ ẹyin, ọmọ tí ibà ń ṣe pàápàá á wọ́ ara rẹ̀ wá. Mo rí i tí àwọn ọmọ tí kò forúkọ sílẹ̀ ń tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n wọn wá, wọ́n á dúró lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìyá wọn á wá forúkọ wọn sílẹ̀. Nítorí náà kí ẹ má ṣiyèméjì pé oúnjẹ ń mú ọmọ wá. Bóyá ó ń mú wọn mọ ìṣirò, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀. Kóńgò ẹ̀wà kan á fún mi ní bí ọgọ́rin àkàrà wẹ́wẹ́. Ẹ ní méjì méjì fún ọmọ mọ́kànlélógójì, nítorí náà kóńgò kan lójúmọ́, kí ẹ fi díẹ̀ lé e. Alẹ́ ni kí wọ́n ti bó o, kí wọ́n wọ́n omi sí i, kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Kí wọ́n má ṣe lọ̀ ọ́ lálẹ́ láéláé, pàápàá nígbà ooru. Kí ilẹ̀ tó mọ́ á ti kan. Aago márùn-ún ni ẹlẹ́rọ àdúgbò mi ń tan ẹ̀rọ. Kí ata rẹ̀ mọ níwọ̀n, àlùbọ́sà ni kó pọ̀, ọmọdé ni wọ́n. Kí ẹ sì bojú wo òróró náà: bí ẹ bá rí i tó ti dúdú tó ń hó fìòfìò, ẹ dá a padà fún alákàrà yín.

Ẹ má dín in nínú ọgbà ilé-ìwé. Iná, òróró gbígbóná, ọmọ kíláàsì kẹta, rárá o. Kí ẹnì kan dín in nítòsí kó gbé e wá. Kó má sì dé e pa sínú kúlà, á rọ̀ bí kànìnkànìn. Agbọ̀n ni kó gbé e sí, kó tẹ́ pépà sí i nísàlẹ̀.

Ní ti ta ni kí ẹ fún: gbogbo wọn. Mi ò bẹ̀ yín, mò ń sọ fún yín ni. Ilé-ìwé kan wà tí mo ti bá pàdé (mi ò ní dárúkọ wọn) tí tíṣà kan tó láàánú lójú bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ara rẹ̀ ra búrẹ́dì fún ọmọ mẹ́fà. Lójoojúmọ́ á pè wọ́n jáde. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ọmọ yòókù ti fún wọn lórúkọ: "Ẹgbẹ́ Arébipa." Ọmọbìnrin kan nínú wọn, kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun ti yó. Èmi ni mo bá a lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń sunkún. Ebi ń pa á, ó sì kọ búrẹ́dì. Ẹ jọ̀ọ́, bí àkàrà ò bá lè kárí, kí ó jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó kárí.

Bàbá Wàsíù, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ẹ má bínú, tèmi ò ní dùn mọ́ yín.

Ìjọba ń fún ọmọ lóúnjẹ ọ̀sán, Àǹtí Tíṣà fẹ́ fún un ní ti àárọ̀. Iṣẹ́ wo ló wá kù fún ìyá àti bàbá? Oúnjẹ alẹ́ nìkan? Lọ́dún tó ń bọ̀ wọ́n á ní kí ẹ bá àwọn wẹ̀ wọ́n. Láyé tiwa, ìyá wa náà ń lọ sọ́jà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀kọ tútù àti ẹ̀fọ́ àná ló máa ń fi sílẹ̀ lábẹ́ agbọ̀n, a ó jẹ ẹ́, a ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ìwé. Ẹnikẹ́ni ò fún wa ní àkàrà, a sì mọ ìṣirò.

Bí ẹ bá ní ẹ máa ṣe é dandan, ẹni tó bá pẹ́ kó má jẹ. Ẹ ti ìkòkò pa ní aago tí ẹ dá. Ẹ wò ó bóyá ọmọ kan á tún pẹ́.

Ìbéèrè mi kan ṣoṣo: ta ni yóò máa fọ kọ́ọ̀pù mọ́kànlélógójì?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà

Bàbá Wàsíù, ẹ kú àárọ̀ sà. Ẹ̀kọ tútù àti ẹ̀fọ́ àná tí Màmá fi sílẹ̀ lábẹ́ agbọ̀n, oúnjẹ àárọ̀ náà nìyẹn. Ẹ jẹun kí ẹ tó mọ ìṣirò. Àwọn ọmọ mẹ́rìnlá yìí ò bá nǹkan kan lábẹ́ agbọ̀n tiwọn ni.

Àǹtí Tíṣà, ojú yín ò tàn yín jẹ. Ẹ bá mi ṣírò ó. Ọmọ tó jẹun alẹ́ ní aago méje, tí kò tún rí nǹkan jẹ títí kúlà ìyá olóúnjẹ fi dé ní aago mọ́kànlá ọjọ́ kejì, wákàtí mẹ́rìndínlógún ló fi wà láìjẹun. Àgbàlagbà tó gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì l'Óṣogbo kì í lò tó bẹ́ẹ̀ láàárín sààrì àti ìṣínu. Bí wákàtí mẹ́rìnlá ni tirẹ̀. Ohun tí a ò ní kí ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣe nítorí Ọlọ́run ló ń ṣe lójoojúmọ́ nítorí àìrí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara nìyí. Tí a bá jẹun alẹ́, ẹ̀dọ̀ á tọ́jú ṣúgà díẹ̀ pamọ́. Òun la fi ń sùn mọ́jú. Ẹ̀dọ̀ ọmọdé kéré, ohun tó lè tọ́jú ò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ọpọlọ rẹ̀ ló ń jẹun jù. Nínú agbára tí ara àgbàlagbà ń lò nígbà tó bá jókòó jẹ́jẹ́, bí ìdá kan nínú márùn-ún ni ọpọlọ ń gbà. Ti ọmọ bí ọdún márùn-ún ju ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo agbára tó ń lò lóòjọ́ lọ. Bí ṣúgà bá ti ń lọ sílẹ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ èyí tó kù lò. Ọmọ á dákẹ́, á gbé orí lé tábìlì. A ó ní ọ̀lẹ ni.

Àwọn kan ti dán ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí wò ní Jamaica, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1998. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 16 ní ìgbèríko ni, ọmọ 814. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Apá kan ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ ní ilé-ìwé fún odindi ọdún ẹ̀kọ́ kan. Apá kejì ń gba ọsàn kan tí wọ́n là sí mẹ́rin, ìdá kan fún ọmọ kan, kó má baà dà bíi pé wọ́n gbàgbé wọn. Nígbà tí ọdún parí, àwọn tó ń jẹun ga díẹ̀ sí i, wọ́n wúwo díẹ̀ sí i, wọ́n sì wá sí ilé-ìwé déédéé jù. Àwọn tó kéré nínú wọn tẹ̀ síwájú nínú ìṣirò. Ìṣirò náà, Àǹtí! Ṣùgbọ́n mi ò ní fi apá kan pamọ́ fún yín: lápapọ̀, ìtẹ̀síwájú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ náà, àti àwọn tó jẹun àti àwọn tó jẹ ọsàn, ò fi bẹ́ẹ̀ lọ jìnnà. Èrè rẹ̀ wà, kékeré ni. Bí PTA bá ń retí pé gbogbo kíláàsì á di ọlọ́pọlọ pípé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ tètè já wọn kalẹ̀.

Ẹ̀kọ nìkan ò tó o. Nígbà tí a bá sẹ́ ògì, èérí tí à ń dà fún ewúrẹ́, púpọ̀ nínú ohun tó ń gbé ara ró ló ń bá a lọ. Ọmọ tó mu ẹ̀kọ lásán, kí ẹ tó yí ojú padà ebi á tún ti dé. Àkàrà tí ẹ fi kún un ló gbà á là: ohun tí àgbàdo ò ní, ẹ̀wà ní in, ohun tí ẹ̀wà ò ní, àgbàdo ní in. Àwọn àgbà tó so ẹ̀kọ pọ̀ mọ́ àkàrà kò lọ sí ilé-ìwé ìlera kankan. Tí ẹ bá lè rí sóyà, kí ẹ yan án, kí ẹ lọ̀ ọ́ mọ́ ògì. Ẹ̀pà náà dáa, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn òbí kí ẹ tó fi í sí i, nítorí ó máa ń gbòdì lára àwọn ọmọ mìíràn, irú ẹ̀ kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré.

Kí wọ́n fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Ọmọ tí aràn ń bá jẹun kò jẹun.

Ọmọ Ataọ́ja ní Cardiff

Mo kàn ní kí n sọ pé ní Wales tí mò ń gbé, ọ̀fẹ́ ni oúnjẹ àárọ̀ ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó ń ṣe é, láti 2004 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Mò ń fi ọmọ mi sílẹ̀ níbẹ̀ kí n tó wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ dókítà ń jẹ, ọmọ agbálẹ̀ ń jẹ, tábìlì kan náà. Ohun tí Ìyá Alákàrà sọ nípa kíkárí yẹn, òótọ́ ni.

Búrẹ́dì yíyan àti mílíìkì tútù ni wọ́n ń fún wọn o. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fún tiyín ní àkàrà gbígbóná, ẹ ò mọ̀ pé ọba ni yín.

Bàbá Wàsíù, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹnì kankan ò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀pù.

Tíṣà Òkè-Baálẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti lọ tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣé gan-an ni.

Bàbá Wàsíù, ìbéèrè yín ló gbọ́n jù níbí, ọpẹ́ yín kò tán lọ́rùn mi. Kálukú ń mú kọ́ọ̀pù tirẹ̀ wá láti ilé, ó sì ń gbé e padà sílé láìfọ̀. Ìyá wọn ló ń fọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tó kù fún òbí nìyẹn.

Ọjọ́ kìíní dàrú. Ẹ̀kọ ṣù, mo sì gbàgbé ṣúgà nílé. Ọmọ kan ní ẹ̀kọ tí kò ní mílíìkì kì í ṣe ẹ̀kọ, oògùn ni. Ní ọjọ́ kejì mo bẹ ìyàwó mọ́gàjí àdúgbò wa pé kó bá mi dà á, láti ìgbà náà ẹ̀kọ ń dán bíi dígí. Alákàrà Ọjà Ọba, mo rí ẹnì kan tó ń dín in ní ìdojúkọ géètì wa. Inú agbọ̀n ló ń gbé e wá.

Ẹ ó fẹ́ gbọ́ ti ìṣirò. Mi ò ní purọ́. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣàṣìṣe pẹ̀lú ariwo báyìí. Tẹ́lẹ̀, màá bi wọ́n ní ìbéèrè, kíláàsì á dákẹ́ bí ilé òkú. Nísinsìnyí ọwọ́ mẹ́wàá á nà sókè, mẹ́jọ á ṣì í, mo sì lè rí ibi tí ọ̀nà ti wọ́ mọ́ wọn lójú kí n tún un ṣe. Ọmọ tó dákẹ́, kí ni mo fẹ́ tún ṣe fún un? Réjísítà mi náà yàtọ̀. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ mẹ́tàlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń pẹ́ dé lójúmọ́. Ó ti di mẹ́rin, márùn-ún.

Àwọn mẹ́rin yẹn ni ọ̀rọ̀ wà lórí wọn. Bàbá Wàsíù, mo tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yín. Aago mẹ́jọ ku mẹ́wàá, mo dé ìkòkò. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọkùnrin kan, Lékan, wọlé ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àmì òṣùká ṣì wà lórí irun rẹ̀. Kò bẹ̀ mí, kò béèrè nǹkan kan. Ó jókòó, ó ń wo inú kọ́ọ̀pù ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà ìsinmi mo pè é. Búrẹ́dì ló máa ń kiri fún ìyá rẹ̀ àgbà ní Ọláìyá láti aago mẹ́fà. Búrẹ́dì! Ó gbé e lórí fún wákàtí méjì, kò jẹ nínú rẹ̀, nítorí kíkà ni wọ́n máa ń kà á kó tó jáde tí wọ́n sì máa ń kà á tó bá wọlé. Òun sì ni ó ya ìrẹsì àti itan adìyẹ lọ́jọ́sí.

Mi ò dé ìkòkò mọ́. Àwọn mẹ́rin yẹn, mo ń bá wọn fi tiwọn sí dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, mo fi abọ́ dé e. Tí wọ́n bá dé, wọ́n á jókòó sẹ́yìn, wọ́n á jẹ ẹ́ bí a ṣe ń ka réjísítà. Ṣé ó bá òfin mu? Mi ò tíì béèrè.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, H.M. wọlé wá wo ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ń fa imú símú. Ó ní, "Àǹtí, kí ló ń ta sánsán nínú tábìlì yín?" Kí n tó wá irọ́ tí mo máa pa, ogójì ohùn ló dáhùn pọ̀: "Àkàrà Lékan ni, mà!" Ó wò mí, ó wo àga tí ó ṣófo lẹ́yìn, ó fi bírò sààmì sí ìwé mi, ó jáde. Ní ọjọ́ Ajé, ó fi ₦5,000 sínú àpòòwé, ó ní kí n má sọ fún ẹnì kankan. Ẹ̀yin kì í ṣe ẹnì kankan.

Àgbàdo ẹ̀gbọ́n mi á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. PTA ti gbà láti máa ra ẹ̀wà títí táàmù á fi parí. Sóyà ni mi ò tíì rí rà dáadáa. Èyí tí mo rà lẹ́ẹ̀kan, òkúta ló kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta èyí tí wọ́n ti ṣà mọ́, Ọjà Ọba ni o tàbí Ayétòrò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi iye tí wọ́n ń ta kóńgò sílẹ̀ fún mi níbí.